Agolo Èédú Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Afẹ́fẹ́ Epo Nínú Àwọn Ọkọ̀ Alágbára Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọkọ̀ tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí wọ́n gbé síbi kan láti àárọ̀ dalẹ́, kò sinmi tó bí ojú ti rò. Bí oòrùn bá ṣe ń mú ni epo inú táǹkì rẹ̀ ń gbóná, tó ń di afẹ́fẹ́, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń wá ọ̀nà àtijáde. Ẹni tó bá ti fi kẹ́ẹ̀gì tọ́jú bẹntiróòlù rí nígbà tí epo wọ́n mọ ohun tí mò ń wí. Bí kẹ́ẹ̀gì bá pẹ́ nínú oòrùn, ikùn rẹ̀ á wú, bí ènìyàn bá sì tú ìdérí rẹ̀, á mí fùù sí i lójú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ọkọ̀ dáyé, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò ka ìmí yìí sí. Wọ́n lu ihò sára ìdérí táǹkì kí afẹ́fẹ́ epo lè bá ibẹ̀ jáde, wọ́n sì fi ihò mìíràn sílẹ̀ lórí kábúrétọ̀. Ìlú Los Angeles ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé ihò kékeré wọ̀nyí ń ṣe jàǹbá, ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n kò sì rọrùn.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 1943, kùrukùru kan tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí bo ìlú náà. Omi ń dà lójú àwọn ènìyàn, ọ̀nà ọ̀fun ń ta wọ́n, wọn kò sì rí ọ̀kánkán dáadáa mọ́. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, nítorí náà àwọn kan rò pé àwọn ará Japan ló fi afẹ́fẹ́ olóró kọlu àwọn. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ kan ní òpópónà Aliso tó ń ṣe èròjà rọ́bà fún àwọn ológun ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Wọ́n dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀, kùrukùru kò lọ. Bí ilẹ̀ ìlú náà ṣe rí tún ń dá kún ọ̀ràn: òkè yí i ká níhà kan, òkun wà níhà kejì, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà lókè a sì máa dé afẹ́fẹ́ tútù ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, tí ohunkóhun tí ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ bá tú jáde kò fi ní ríbi gbà. Ní 1947, agbègbè Los Angeles dá àjọ kan sílẹ̀ láti gbógun ti èéfín. Ilé ìfọpo, ilé tí wọ́n ti ń yọ́ irin, àti iná tí àwọn onílé fi ń sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé ni àjọ náà kọ́kọ́ dojú kọ. Èéfín dúdú dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò yé ta àwọn ènìyàn.

Ẹni tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ni Arie Haagen-Smit, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Caltech ní Pasadena. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò bá èéfín tan rárá, ohun tó ń mú kí ọ̀pẹ̀ òyìnbó ta sánsán ló ń wádìí. Ọgbọ́n tó fi ń kó òórùn èso jọ náà ló fi kó afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run Pasadena jọ, tó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọdún 1950 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó fi hàn pé èròjà tó ń ti ara epo tí kò jóná jáde, tí wọ́n ń pè ní hydrocarbon, àti nitrogen oxide tó ń ti inú iná jáde, ni ìtànṣán oòrùn ń pò pọ̀ tó fi ń di ozone. Ozone yìí àti àwọn èròjà tó ń bá a jáde ló ń ta ojú. Ozone náà ló tún ń mú kí rọ́bà táyà máa sán ní Los Angeles ṣáájú àsìkò rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo bá a jiyàn kíkan, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ túbọ̀ ń gbè é ni.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà gan-an nìyí. Ṣáájú ọkùnrin yìí, èéfín tí ojú lè rí ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìdọ̀tí afẹ́fẹ́. Àwárí rẹ̀ fi yé wọn pé epo kò dìgbà tó bá jó kó tó di kùrukùru tó ń ta ojú. Èyí tó ń rá kúrò nínú táǹkì ọkọ̀ tó dúró sí iwájú ilé onílé, tí ojú kò rí, tí kò ní àwọ̀, jẹ̀bi tirẹ̀ náà.

Detroit, ìlú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá Amẹ́ríkà, kò tètè gbà. Láti 1953 ni Kenneth Hahn, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso agbègbè Los Angeles, ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Èsì tí Ford kọ́kọ́ fún un ni pé ohun tó ń jáde lára ọkọ̀ máa ń túká kíákíá nínú afẹ́fẹ́, kò sì fa ìṣòro kankan. Hahn kò jáwọ́, ó ń kọ ọ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di January 1969, ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá náà lẹ́jọ́ pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ láti fa iṣẹ́ ẹ̀rọ adínèéfínkù sẹ́yìn. Wọ́n fi àdéhùn parí ẹjọ́ náà lọ́dún yẹn kan náà, láìsí pé ilé-iṣẹ́ kankan gbà pé òun jẹ̀bi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni hydrocarbon ń gbà kúrò lára ọkọ̀ tí wọn kò ṣe nǹkan kan sí. Bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ń gba sálẹ́ńsà jáde. Ìdá kan nínú márùn-ún ń gba ikùn ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì wà. Ìdá kan tó kù ni táǹkì àti kábúrétọ̀ ń mí jáde. Bí wọ́n sì ṣe dí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí. Ikùn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ mú nítorí òun ló rọrùn jù: fáàfù kékeré kan tó ń dá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì dé ara ọkọ̀ tuntun ní California ní 1961, ó sì kárí Amẹ́ríkà ní 1963. Ti sálẹ́ńsà tẹ̀ lé e, California ní 1966, gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1968. Ní 1967, Gómìnà Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó dá àjọ afẹ́fẹ́ California sílẹ̀, Haagen-Smit sì ni alága àkọ́kọ́. Ìmí táǹkì ni wọ́n mú kẹ́yìn. Ọkọ̀ ọdún 1970 ní California àti ọkọ̀ ọdún 1971 ní gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò kó afẹ́fẹ́ epo mọ́ra.

Ẹ wo ọdún wọ̀nyẹn dáadáa. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car ń jọba lójú títì. Ní 1964, John DeLorean àti àwọn ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pontiac mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá, èyí tí wọ́n ń fi ìwọ̀n rẹ̀ pè ní 389, wọ́n kì í bọ inú Tempest tó jẹ́ ọkọ̀ oníwọ̀nba, wọ́n sì sọ ọ́ ní GTO. General Motors ní òfin tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì tó ju 330 lọ. Àwọn Pontiac wá ọgbọ́n yí òfin náà ká: wọn kò pe GTO ní ọkọ̀ tuntun, wọ́n ní àfikún tí oníbàárà lè béèrè fún lásán ni. Ọkọ̀ 32,450 ni wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ yòókù sì tú jáde láti bá wọn du ọjà náà. Nígbà tó fi máa di 1970, Chevrolet ti gbé Chevelle SS 454 jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì LS6 tí wọ́n kọ 450 agbára ẹṣin sí lára. Plymouth ní 'Cuda oní-Hemi tirẹ̀, ó jẹ́ 425. Dodge ní Challenger, Buick ní GSX. Ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń ṣiṣẹ́ ní fákìtọ̀rì lè rówó rà lára wọn, kó sì fi ẹ̀yìn ọkọ̀ han ẹni tó ra ọkọ̀ ìlọ́po méjì owó rẹ̀.

Ọkọ̀ wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ epo tún pọ̀ lára wọn. Kábúrétọ̀ wọn tóbi, àwọn mìíràn gbé méjì tàbí mẹ́ta lórí ẹ́ńjìnnì kan, epo sì kún inú abọ́ kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Irin ẹ́ńjìnnì gbígbóná tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í tètè tutù. Bí wọ́n bá pa ọkọ̀ lẹ́yìn eré, ooru irin yẹn á gòkè wọ abọ́ kábúrétọ̀, epo ibẹ̀ á sì máa hó. Òórùn bẹntiróòlù tó máa ń gba inú gáréèjì àwọn ará Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Owó onílé náà ló sì ń fò lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi kojú rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Èédú tí wọ́n ṣe lọ́nà àkànṣe, tí ihò wínníwínní pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé gíráàmù kan ṣoṣo, bí a bá tẹ́ gbogbo inú ihò rẹ̀ sílẹ̀, lè ju 500 mítà onígun mẹ́rin lọ, ti wà nínú ìbòjú àwọn ọmọ ogun nígbà ogun àgbáyé kìíní. Ní 1918, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má da èèpo àgbọn àti kóró èso píìṣì nù, kí wọ́n kó o wá láti fi ṣe èédú yìí. Èèpo ekùrọ́ wa náà ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ epo a máa lẹ̀ mọ́ inú ihò wọ̀nyẹn, bí afẹ́fẹ́ tútù bá sì gba ibẹ̀ kọjá, á tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ní ìdajì kejì ọdún 1960 sí 1970 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára ọkọ̀ pé kí èédú máa gba afẹ́fẹ́ epo mọ́ra nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kí ẹ́ńjìnnì sì máa fà á mu nígbà tó bá ń rìn.

General Motors gba ọ̀nà èédú láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára ọkọ̀ Chevrolet ọdún 1970 tó ń lọ sí California, àmì NA9 ló wà nínú ìwé ọkọ̀ láti fi hàn pé ó ní ẹ̀rọ náà. Chrysler gba ọ̀nà mìíràn: ikùn ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ní kí afẹ́fẹ́ epo lọ dúró sí títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi ṣiṣẹ́, tí fáàfù tó ti wà níbẹ̀ yóò sì fà á mu. Ọgbọ́n tó mú owó dín kù ni, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́, nígbà tó di 1972 àwọn náà gbé agolo èédú. Táǹkì Chrysler ìgbà náà wù mí púpọ̀. Ojú ibi mẹ́rin ni páìpù afẹ́fẹ́ ti jáde lára rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí epo bo ihò méjì mọ́lẹ̀, ihò méjì yòókù á ṣì máa mí. Ẹni tó ro èyí jinlẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ìdérí táǹkì kò ní ihò gbangba mọ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ lókè táǹkì tí epo kò ní lè kún, kí epo tó bá wú nítorí ooru lè ríbi wú sí. Afẹ́fẹ́ kọjá sínú ohun kan tó ń ya epo olómi sọ́tọ̀, kí ó tó wọ páìpù tín-ín-rín kan tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú. Níbẹ̀, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni agolo dúdú wà, èédú kún inú rẹ̀, asẹ́ fúlẹ́fúlẹ́ sì wà nídìí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà wọlé. Họ́ọ̀sì kan ti ibẹ̀ lọ sí kábúrétọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní síló, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ epo, ìfà ẹ́ńjìnnì á ṣí fáàfù tó wà lórí agolo, ẹ́ńjìnnì á sì mu ohun tí èédú ti tọ́jú látàná. Epo tí wọn ì bá pàdánù wá padà di ìrìn.

Agolo yìí náà ni wọ́n wá sọ di ọ̀tá. Ní 1971, agbára ọkọ̀ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, nígbà tó sì di 1974 ọ̀pọ̀ wọn ti kógbá wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí họ́ọ̀sì tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti agolo dúdú tí wọn kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà pé òun ló pa ọkọ̀ wọn. Irọ́ ni. Ed Cole, ààrẹ General Motors, ló pàṣẹ pé kí ẹ́ńjìnnì ọdún 1971 lè lo epo tí òjé inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ẹ̀rọ tí wọn yóò fi sí ojú sálẹ́ńsà ní 1975 kò lè fara da òjé. Láti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n dín bí písítìn ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kù. Ẹ́ńjìnnì LS6 ọdún 1970 ń fún un ní 11.25 sí 1, nígbà tí ẹ́ńjìnnì 454 tó wà nínú Chevelle lọ́dún kejì kò ju 8.5 lọ. Ní 1972, wọ́n tún yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn agbára padà. Tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n wá ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú fáànù, jẹnẹrétọ̀ àti sálẹ́ńsà tó máa wà lára rẹ̀. Chevelle 454 tí wọ́n kọ 365 sí lára ní 1971 di 270 ní 1972, ìwọ̀n tuntun yìí ló sì gbé ọ̀pọ̀ jù nínú àlàfo náà. Owó adójútòfò fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀wọ́n gógó. Ní October 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá gbẹ́sẹ̀ lé epo, ọkọ̀ tò gbọọrọ sílé epo. Nínú gbogbo èyí, agolo èédú kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò gba agbára ẹṣin kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀ wọ́n tú u dànù. Láti àárín ọdún 1970 títí wọ ọdún 1980 ni àwọn tó ń sáré nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń fa agolo yọ, tí wọ́n ń fi bóòtì dí ẹnu họ́ọ̀sì, tí wọ́n ń jẹ́ kí páìpù afẹ́fẹ́ máa já jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì bá wọn ṣe é kí òfin tó ká wọn lọ́wọ́ kò. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1977 sọ ọ́ di èèwọ̀ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ títúnṣe jẹun, ti 1990 sì kan ẹni gbogbo.

Ẹni tó ra irú ọkọ̀ yìí lónìí, tó fẹ́ dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tó kúrò ní fákìtọ̀rì, iṣẹ́ àwọn ọdún wọ̀nyẹn ló ń bá pàdé. Òórùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ pè é. Ìdérí táǹkì ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìdérí oníhò àti ìdérí tó dí jọra lójú, wọn kò sì jọra níṣẹ́. Bí ìdérí oníhò bá dé orí táǹkì ọdún 1971, afẹ́fẹ́ epo kò ní dé ọ̀dọ̀ èédú láéláé, ibi tó ń gbà jáde láyé GTO àkọ́kọ́ náà ló máa gbà. Òdìkejì rẹ̀ tún burú jù: ìdérí tó dí pa lórí táǹkì ayé àtijọ́ tí kò ní ibòmíràn tó lè mí gbà. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa epo lọ, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á máa gún lójú ọ̀nà bí ẹni pé epo ti tán, táǹkì mìíràn sì máa ń wọnú ara rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, páìpù. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, páìpù mẹ́ta ló tò tẹ̀ lé ara wọn: èyí tó ń gbé epo lọ síwájú, èyí tó ń dá epo tó ṣẹ́kù padà, àti ti afẹ́fẹ́. Láàárín ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, ọwọ́ onírúurú mẹkáníìkì ti kàn wọ́n, a sì máa ń rí i pé wọ́n ti fi páìpù epo àdápadà sí ẹnu agolo. Epo olómi ló ń ṣàn wọ inú èédú nígbà náà, èédú tó bá sì ti mu epo olómi yó kì í wúlò mọ́. Ẹni tó gbé agolo sọ́wọ́, tó mì í, tó gbọ́ omi nínú rẹ̀, kò nílò àyẹ̀wò mìíràn. Ṣùgbọ́n kó má ṣe ra agolo tuntun kó tó mọ ibi tí epo gbà wọlé. Ó lè jẹ́ páìpù tí wọ́n fi síbi tí kò yẹ, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń ya epo sọ́tọ̀ lókè táǹkì ti jẹrà, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà máa ń rọ epo kún dé ọrùn táǹkì lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ilé epo ti dákẹ́.

Fáàfù orí agolo ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé òtítọ́ rẹ̀ kì í fara sin. Awọ rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ tí ó sán, fáàfù kò ní lè dí mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa fa afẹ́fẹ́ epo mu ní síló nígbà tí kò yẹ, á máa gbọ̀n, púlọ́ọ̀gì á sì máa dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á tú kábúrétọ̀ palẹ̀ nítorí èyí, wọ́n á ra ti tuntun, àìsàn náà á ṣì wà níbẹ̀. Páǹpù ìfà tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ló máa sọ òtítọ́: kí ènìyàn fi í sí ẹnu fáàfù, kó fà á dé íǹṣì mákúrì bíi 15, kó dúró. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró, awọ wà láàyè. Bí ó bá ń rọra wálẹ̀, awọ ti lu.

Èédú inú agolo náà ṣeé pààrọ̀. Wọ́n ń ṣe agolo tuntun tó jọ ti àtijọ́ fún Chevelle, Camaro àti Mustang, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn wà pẹ̀lú ohun tí wọ́n bí i mọ́ á rọra ṣí ìdí agolo àtijọ́, wọ́n á da èédú rẹ̀ nù, wọ́n á ko tuntun sí i, wọ́n á sì pààrọ̀ asẹ́ ìdí rẹ̀ tó sábà máa ń ti di erùpẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èédú ló yẹ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ẹja ọ̀sìn ni a ṣe láti di ìdọ̀tí mú pátápátá. Ti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lè di epo mú kó sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọdún pípẹ́. Bí a bá rí horo èédú nínú họ́ọ̀sì tó lọ sí kábúrétọ̀, asẹ́ inú agolo ti já nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ mọ́ títí tí wọn yóò fi tún un ṣe.

Họ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó kékeré pàdánù owó ńlá. Họ́ọ̀sì omi kò yẹ, họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ lásán kò yẹ. Ethanol tí wọ́n ń pò mọ́ epo Amẹ́ríkà lónìí ń jẹ rọ́bà tí wọ́n ṣe ṣáájú rẹ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún epo nìkan ni kí wọ́n lò. Gbogbo iṣẹ́ yìí, ìta gbangba ni, kí wọ́n ti tú bátìrì, kí ẹ̀rọ apaná wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Táǹkì tí a fà jáde, bó tilẹ̀ gbẹ, kò gbọdọ̀ rí iná àsopọ̀ bí kò bá ṣe lọ́wọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ táǹkì. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú táǹkì òfìfo ló ń pa ènìyàn, ju epo inú táǹkì tó kún lọ.

Òfin kọ́ ló ń lé wọn síṣẹ́ yìí jù. Ní California fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ọdún 1975 sẹ́yìn kì í lọ síbi àyẹ̀wò èéfín tí àwọn yòókù ń lọ lọ́dún méjì méjì. Àwọn tó ń díje nípa ọkọ̀ tó pé bó ṣe yẹ ló sọ agolo náà di ohun iyì. Ẹgbẹ́ àwọn olùtúnṣe Corvette tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974 ń yẹ ọkọ̀ wò títí dé orí àmì tó wà lára họ́ọ̀sì, agolo tí wọ́n sọ sí ààtàn láyé ọjọ́sí sì di ohun tí wọ́n ń fi owó gidi wá kiri. Inú mi dùn sí èyí. Ọkọ̀ 1970 tó ti California wá, tí kò ní agolo rẹ̀, kò sọ ìtàn ọdún tí wọ́n ṣe é tán.

Àwọn aláṣẹ náà ṣì ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ lẹ́yìn 1971. Ìwọ̀n tí òfin àpapọ̀ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ni gíráàmù 6 fún àyẹ̀wò kan, wọ́n dín in sí 2 ní 1972. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fura sí lára ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé ohun tó ń kó afẹ́fẹ́ sí, èyí tó ń gba ibòmíràn jáde ń lọ láìsí ẹni tó kà á. Nígbà tí wọ́n wá ti odindi ọkọ̀ mọ́ inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò lè jò, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti yege tú afẹ́fẹ́ epo tó pọ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí òfin ọdún 1978 fi padà sí gíráàmù 6, tó sì le ju gíráàmù 2 àtijọ́ lọ, nítorí yàrá yẹn kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Ní 1981 wọ́n dé gíráàmù 2 nínú yàrá kan náà. Láti 1996, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ táǹkì, ihò tí kò ju mìlímítà kan lọ sì lè tan iná sójú awakọ̀. Láti 1998 ni agolo ọkọ̀ tuntun ti ń tóbi sí i, kí ó lè gba afẹ́fẹ́ tí epo ń tì jáde nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ nílé epo.

Àwọn ọkọ̀ yẹn ló ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu àti Èkó ní tòkunbọ̀. Bí iná check engine bá tàn lára wọn, tí ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì kì bọ̀ ọ́ sì kọ P0442 tàbí P0455, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ epo tó ń jò ló ń sọ, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú. Kí ènìyàn tó san owó kankan, kó kọ́kọ́ wo rọ́bà etí ìdérí epo bóyá ó ti sán, kó dé e padà títí yóò fi dún, kó wà á fún ọjọ́ mélòó kan. Bí iná náà kò bá lọ, kó tọ páìpù afẹ́fẹ́ láti orí táǹkì dé ibi agolo, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti gbé kúrò níwájú lọ sẹ́yìn nítòsí táǹkì, kó sì yẹ fáàfù rẹ̀ wò, tí iná mànàmáná ń ṣí báyìí dípò ìfà ẹ́ńjìnnì.